Ọjọ́ mẹ́jọ ní etíkun Bretagne: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò àkọ́kọ́ nínú motorhome

Ọ̀nà náà rèé: ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Portsmouth lálẹ́, ẹ sọ̀ ní Saint-Malo láàárọ̀, ẹ gba etíkun àríwá Bretagne lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú omi mìíràn ní Roscoff padà sí Plymouth. Gbogbo ìrìn orí ilẹ̀ Faransé kò pé kìlómítà 400. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Motorhome kò gbọdọ̀ sá irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìrìn àkọ́kọ́, torí ilé ni ẹ ń wà kiri: omi rẹ̀ á tán, táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ á kún, fíríìjì rẹ̀ kò ní tutù bí ilẹ̀ bá dagun, kò sì ní lè gba abẹ́ gbogbo irin tí ọkọ̀ kékeré ń gbà kọjá. Ohun tí ọkọ̀ bá béèrè ni a fi ṣètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ohun tí ojú fẹ́ rí tẹ̀ lé e.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú: ìwé

Páásípọ́ọ̀tù UK kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ Faransé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ oṣù 3 kù, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, ì báà ní ìwé ìgbélùú UK lọ́wọ́. A lè béèrè fún físà náà láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn, ó pẹ́ tán kí ó ku ọjọ́ 15. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà, ìbánigbófò ìrìn-àjò tí ó tó yúrò 30,000 fún ìtọ́jú àìsàn sì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ onímotorhome ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé inú ọkọ̀ làwọn máa sùn. Ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò fẹ́ rí àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí ẹ máa sùn lálaalẹ́. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ní ọgbà ìpàgọ́ fún gbogbo alẹ́, kí ẹ yan èyí tí wọ́n gbà kí èèyàn fagi lé láìsan owó, kí ẹ tẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi ìwé ọkọ̀ ojú omi ti àlọ àti àbọ̀ lé e. Láti 12 October 2025 ni ètò EES sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ibodè Schengen: wọ́n ń ya ojú ẹni tí kì í ṣe ọmọ EU, wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ẹ fi wákàtí kún àsìkò tí ẹ máa lò ní èbúté.

Láísẹ́nsì ìwakọ̀ ẹ̀ka B kò gba ju ọkọ̀ kílò 3,500 lọ. Ẹni tí ó gba láísẹ́nsì UK kí 1 January 1997 tó dé sábà máa ń ní ẹ̀ka C1 lára tirẹ̀, èyí tí ó gba kílò 7,500. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tiyín, V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, gangan ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe ẹ̀dà. Bí ẹ bá yá a ni, ilé-iṣẹ́ tí ó yá a fún yín gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí wọ́n ń pè ní VE103, kí ẹ tó gbé e kúrò ní UK. Ẹ béèrè fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó àsansílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń rántí. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n máa wá gbé ọkọ̀ bí ó bá dákú sọ́nà: ṣé wọ́n gba gígùn rẹ̀, gíga rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀? Àdéhùn tí a ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè fi motorhome onímítà 7 sílẹ̀ létí ọ̀nà.

Ní ti àsìkò, May, June àti September ló dára jù fún ẹni tí ó ń kọ́. Ní July àti August, àwọn ará Faransé fúnra wọn ló kún etíkun. Láti ìparí September síwájú, ọ̀pọ̀ ọgbà ìpàgọ́ tí ìjọba ìlú ń bójú tó, tí wọ́n ń pè ní camping municipal, máa ń ti ilẹ̀kùn títí di àsìkò Àjíǹde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: ìwọ̀n

Kò sí ohun tí ó ń kó olùbẹ̀rẹ̀ sí wàhálà bí ìwọ̀n ẹrù. Ẹ mú ọkọ̀ kílò 3,500 kan tí ó jẹ́ 3,050 nígbà tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ti ka awakọ̀ àti epo mọ́ ọn. Kílò 450 ló kù. Ẹnì kejì gba 70, ọmọ méjì gba 70. Ìbòòrùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gba 30, bátìrì kejì 25, kẹ̀kẹ́ méjì pẹ̀lú irin tí ó gbé wọn 45. Oúnjẹ, ìkòkò àti àwo gba 60, aṣọ àti ibùsùn 50, tábìlì àti àga 25. A ti dé 375, a ò sì tíì fọwọ́ kan omi. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan: bí ẹ bá bu 80 sínú táǹkì, ó ti di 455. Ọkọ̀ ti kọjá òfin láìsí ìkòkò àfikún kankan, àpò èlùbọ́ tí ìyá fi ránṣẹ́ kò sì tíì wọlé.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbé omi kíkún rìn. Lítà 20 tó láti fọwọ́ àti láti fọ ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ kún un nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ gbé ọkọ̀ tí ẹ ti di ẹrù sí tán lọ sí orí ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá, kí ẹ wọn gbogbo rẹ̀, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ iwájú nìkan, kí ẹ tún wọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sábà ń kọjá òfin, torí ẹrù tí ó bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ó sì ń gbé iwájú sókè. Bí iwájú bá fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí á máa fúyẹ́, táyà iwájú á sì máa yọ̀ lórí koríko tútù. Ẹ gbé ohun tí ó wúwo sí àárín, sílẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

Afẹ́fẹ́ táyà: ìwọ̀n tí a kọ sára ọkọ̀ tàbí èyí tí ilé-iṣẹ́ táyà fún ìwọ̀n ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà bá tutù. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn tí ó tẹ̀ lé DOT ní ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà motorhome kì í jẹ tán. Ìjókòó lójú kan ló ń mú un sán.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kángun: oúnjẹ, gáàsì, iná

Ọbẹ̀ ẹlẹ́ran tí ẹ ti dì sínú ike kò gbọdọ̀ wọ Faransé. Láti ìgbà tí UK ti kúrò nínú EU, ẹran àti wàrà láti UK ni a fòfin dè lọ́wọ́ èrò, tútù tàbí sísè, pọ̀nmọ́ àti ṣàkì pẹ̀lú. Ẹja kò sí nínú èèwọ̀ náà: títí dé kílò 20, tútù tí a ti tú nínú, gbígbẹ tàbí yíyan, edé náà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ọbẹ̀ ẹja ni kí ẹ sè bí ẹ bá fẹ́ sè ṣáájú. Iṣu tútù, ata tútù àti ẹ̀fọ́ tútù ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ òyìnbó àti àgbọn ò nílò ìwé. Èlùbọ́, gàrí àti ata gígún kò ní wàhálà.

Ẹ din ata nílé kí ẹ tó gbéra. Ata díndín nínú yàrá onímítà 6 á wọ inú fóòmù àga, kò sì ní jáde bọ̀rọ̀. Èéfín rẹ̀ á sì mú kí aago iná máa ké. Aago èéfín olóró carbon monoxide gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò. Ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà nílẹ̀ àti lórí òrùlé ni èéfín sitóòfù ń bá jáde. A kì í dí i nítorí òtútù.

Sílíńdà gáàsì UK kò ṣeé pààrọ̀ ní Faransé: orí rẹ̀ yàtọ̀, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kò sì gbà á. Fún ọjọ́ mẹ́jọ ní ìgbà ẹ̀rùn, ẹ gbé méjì tí ó kún, kí ẹ ṣí ọ̀kan. Campingaz nìkan ló ṣeé pààrọ̀ ní ìhín àti lọ́hùn-ún, èyí tí ó tóbi jù, 907, sì gba kílò 2.75 péré. Bí ọkọ̀ bá ní táǹkì gáàsì tí a ń rọ ní ilé epo, orúkọ tí ẹ máa wá ní Faransé ni GPL, ẹnu ẹ̀rọ wọn sì yàtọ̀ sí ti UK. Ẹ ra ìsopọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Iná ọgbà ìpàgọ́ Faransé sábà jẹ́ ámpù 6 tàbí 10. Ẹ ṣe ìṣirò: ámpù 6 lọ́nà fóltì 230 jẹ́ wáàtì 1,380. Kẹ́tùlù inú ilé ń gba 2,000 sókè, yóò sì ré iná lójú ẹsẹ̀. Bí agbowó ọgbà bá ti lọ sùn, tí àpótí iná sì wà ní títì, òkùnkùn dé nìyẹn. Ẹ wá kẹ́tùlù oníwáàtì 1,000 tàbí kí ẹ fi gáàsì se omi. Wáyà mítà 25 ni kí ẹ mú, kí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ jáde kúrò lórí róòlù: wáyà tí ó wé mọ́ra ń gbóná, ó sì lè yọ́. Ẹ mú ìsopọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti Faransé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fi hàn bí wáyà iná àti wáyà àbọ̀ bá ṣípò padà. Ìṣípòpadà yìí wọ́pọ̀ níbẹ̀. Swíìṣì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ UK, wáyà kan péré ló ń gé; bí wáyà bá ti ṣípò, ohun tí ẹ rò pé ẹ ti pa ṣì ní iná nínú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéra: Portsmouth

Gígùn àti gíga ọkọ̀ ló ń pinnu owó ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí ó so mọ́ ẹ̀yìn àti ohunkóhun tí ó yọ lórí òrùlé. Ẹni tí ó bá dín in kù nígbà tí ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lè san àfikún ní ẹnubodè, tàbí kí àyè má sí fún un. Ẹ kọ gíga náà sí ìwé ní mítà àti ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Àmì UK náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó rọ́pò GB láti 28 September 2021. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì tí ó ń yí ìtànṣán iná iwájú padà, onígun mẹ́ta ìkìlọ̀ àti ẹ̀wù adánmárá gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú yín, kì í ṣe nínú àpótí ẹ̀yìn. Ẹ̀wù gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tó o láìsọ̀kalẹ̀.

Kí ẹ tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ẹ pa gáàsì lórí sílíńdà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí sitóòfù nìkan. Fíríìjì tí ó ti tutù dáadáa, tí a kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, á fara dà á di àárọ̀. Bí ẹ bá pàkì, bíréèkì ọwọ́, gíà sí ọ̀kan, kí ẹ sì pa apá alámù tí ó ń mọ ìmìrìn, torí ìgbì òkun á mú un ké ní gbogbo òru. Ẹnikẹ́ni kò ní lè padà sídìí ọkọ̀ lójú agbami, nítorí náà ẹ kó oògùn, ṣájà àti aṣọ ìsùn sínú àpò kan. Aago Faransé fi wákàtí kan ṣáájú ti UK.

Ọjọ́ 1: Saint-Malo sí Cancale, nǹkan bíi kìlómítà 15

Ọ̀tún ni wọ́n ń rìn. Inú èbúté rọrùn torí gbogbo ọkọ̀ jọ ń tẹ̀ léra. Ewu wà nígbà tí ẹ bá jáde ní ilé epo tàbí ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí tí kò sí ọkọ̀ mìíràn níwájú. Ọwọ́ á fẹ́ gba òsì. Kí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa sọ ọ́ sókè ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá tún gbéra: "ọ̀tún". Ní ráńdábáùtù, apá ọ̀tún lẹ ń yà sí, ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti òsì ló sì ni ọ̀nà. Nínú ìlú kékeré tí kò bá sí àmì kankan ní oríta, ọkọ̀ tí ó yọ láti ọ̀tún ló ni ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti jáde.

Ilé epo: *gazole* ni dísẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ náà ń tan àwọn tí ó mọ gasoline jẹ. Ẹ wo àmì dípò ọ̀rọ̀: igun mẹ́rin tí a kọ B7 sí ni dísẹ́ẹ̀lì, róbótó tí a kọ E5 tàbí E10 sí ni bẹntiróòlù. Epo súpámákẹ́ẹ̀tì ló sábà dínwó. Ẹ̀rọ tí kò ní òṣìṣẹ́ lè kọ́kọ́ di yúrò 100 sí 150 mú nínú káàdì kí ó tó tú epo. Ẹ má fi káàdì tí owó inú rẹ̀ kéré sanwó níbẹ̀. Ẹ ra oúnjẹ kí ọ̀sán Sunday tó pé, torí ọ̀pọ̀ wọn ń tì.

Cancale ni ilé huîtres, ẹran omi inú ìkarawun, tí wọ́n ń tà lórí tábìlì ní èbúté la Houle, mẹ́wàá àti méjì lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ ń ju ìkarawun sí etí òkun nísàlẹ̀. Ẹ má wa motorhome lọ sí èbúté náà. Òkè rẹ̀ ga, ọ̀nà rẹ̀ há. Ẹ gbé e sí ìlú òkè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sọ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ ní ọgbà ìpàgọ́ tòótọ́, kì í ṣe aire, ibi ìgbọ́kọ̀sí motorhome tí a máa ṣàlàyé ní Ọjọ́ 2. Ilẹ̀ títẹ́jú, iná àti òṣìṣẹ́ tí a lè bi ní ìbéèrè wà níbẹ̀. Ẹ fi igi ìgbétáyà gbé ọkọ̀ dọ́gba, kí ẹ fi òṣùwọ̀n ìdọ́gba tí omi wà nínú rẹ̀ wò ó lórí ilẹ̀ fíríìjì. Kì í ṣe nítorí oorun nìkan. Fíríìjì tí ó ń lo gáàsì àti iná kò ní ẹ̀rọ ìfúnpọ̀. Ammonia inú rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dagun jù, ammonia á dúró lójú kan, fíríìjì ò ní tutù, ìgbóná tí kò rí ibi lọ sì lè bà á jẹ́ pátápátá.

Ọjọ́ 2: Mont-Saint-Michel, nǹkan bíi kìlómítà 45

Agbègbè Normandie ni òkè Mont-Saint-Michel wà, kì í ṣe Bretagne, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kí ẹ fò ó. Motorhome ní àyè tirẹ̀ lára ọgbà ìgbọ́kọ̀sí tí ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 2.5 sí òkè. Bọ́ọ̀sì tí a kì í sanwó rẹ̀ ń gbé èèyàn lọ, a sì lè fẹsẹ̀ rìn lórí afárá tí wọ́n ṣí ní 2014. Ẹ dé kí agogo 9 tó lù tàbí lẹ́yìn 4 ìrọ̀lẹ́. Ní Beauvoir, abúlé tí ó wà létí odò Couesnon, aire wà tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ti lọ sí òkè tààrà.

Iyanrìn tó yí òkè náà ká ń gbé èèyàn mì láwọn ibì kan, òkun sì ń padà kíákíá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láìsí afinimọ̀nà tí ìjọba fún láṣẹ.

Ọ̀rọ̀ aire yẹ kí a tán lórí. *Aire de camping-car* ni ibi tí ìlú yà sọ́tọ̀ fún motorhome: ilẹ̀ kan, bóyá ẹ̀rọ omi kan, kò sí ilé ìwẹ̀ púpọ̀, a kì í gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ló ni àyè. Ẹ dé kí agogo 4 tó lù. Àwọn kan ń gba káàdì, àwọn kan ń gba jeton, owó irin kékeré tí ẹ máa rà ní ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò tàbí ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Yúrò 2 sí 5 sábà máa ń ra nǹkan bíi lítà 100. Sísùn nínú ọkọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí òfin gbà jẹ́ ìgbọ́kọ̀sí lásán. Bí ẹ bá ti fa ìbòòrùn jáde, tí ẹ gbé àga síta tàbí tí ẹ fi igi ìgbétáyà sábẹ́ ọkọ̀, ó ti di ìpàgọ́, ọlọ́pàá sì lè gba owó ìtanràn.

Ọjọ́ 3: Saint-Malo, afárá Rance, Cap Fréhel, Erquy

Nínú ògiri ìlú Saint-Malo kò sí àyè motorhome. Ẹ gbé e sí ìta, kí ẹ wọlé lẹ́sẹ̀. Wọ́n wó ìlú náà lulẹ̀ ní 1944, wọ́n sì fi òkúta kọ́ ọ padà bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọrọ̀ òkun mímọ́ nìkan ló kọ́ àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀: ọkọ̀ Saint-Malo wà lára àwọn tó ń kó èèyàn wa lẹ́rú ní etíkun Áfíríkà, Robert Surcouf, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ère rẹ̀ ń nawọ́ sí òkun, sì ṣòwò náà. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ bí ó ti ń rìn lórí ògiri yẹn.

Lórí erékùṣù Grand Bé ni sàréè òǹkọ̀wé Chateaubriand wà, ọ̀nà òkúta sì dé ibẹ̀ bí òkun bá fà. Ẹ wo ìwé àkókò òkun kí ẹ tó sọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní coefficient wà nínú rẹ̀, láti 20 dé 120. Bí ó bá ti kọjá 100, òkun á fà jìnnà, á sì padà pẹ̀lú agbára. Òkun kì í kún dọ́gbadọ́gba. Nínú wákàtí mẹ́fà, ìdá kan nínú méjìlá ló ń wọlé ní wákàtí àkọ́kọ́, méjì ní èkejì, mẹ́ta ní ẹ̀kẹta, mẹ́ta ní ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn náà méjì àti ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ mítà 12, mítà 6 á wọlé láàárín wákàtí méjì àárín yẹn. Ọ̀nà tí ó gbẹ nígbà tí ẹ ń lọ á ti wà lábẹ́ omi kí ẹ tó ya fọ́tò tán. Bí ó bá ká yín mọ́bẹ̀, ẹ jókòó lórí erékùṣù títí òkun á fi fà. Ẹ má rìn wọ inú rẹ̀.

Afárá Rance tí ẹ máa gbà lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni ilé iná mànàmáná tí ó ń lo ìkún àti ìfà òkun, wọ́n ṣí i ní 1966, tọ́báìnì 24, mẹ́gáwáàtì 240. Ọ̀nà máa ń dúró nígbà tí wọ́n bá gbé apá kan rẹ̀ sókè fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má sáré.

Cap Fréhel: òkúta tí ó ga tó mítà 70 sí òkun, ilé iná ojú omi, afẹ́fẹ́ líle. Ẹ di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹ ti ń ṣí i. Afẹ́fẹ́ etíkun ń fa ìdè ilẹ̀kùn motorhome ya. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí irin tí wọ́n nà lórí ẹnu ọ̀nà àwọn ọgbà ìgbọ́kọ̀sí etí òkun, ní nǹkan bíi mítà 2. Ọkọ̀ yín lé ní 2.7. Ẹ wò ó láti òkèèrè, kí ẹ má wọ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ kò ti ní lè yí padà.

Ọjọ́ 4: Erquy, ìsinmi àti ìdalẹ̀nù

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ò lọ ibì kan ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá ní ìta, nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí wọn. Ẹ kó aṣọ sí i, kí ẹ lọ ra oúnjẹ.

Kásẹ́ẹ̀tì ìgbọ̀nsẹ̀ gba lítà 17 sí 20. Èèyàn méjì á kún un láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ti àwo inú rẹ̀ pa kí ẹ tó fà á jáde, kí ẹ gbé e ní òró lọ síbi tí a kọ *WC chimique* sí. Ẹ yí ẹnu rẹ̀ síta, ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń dà á. Bọ́tìnì yìí ni ẹni tí kò mọ̀ ń gbàgbé: láìsí afẹ́fẹ́, ó á máa gbọ̀n, á sì ta sí ẹsẹ̀. Ẹ fi lítà 3 fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ da oògùn àti lítà omi méjì sí i. Ẹ má fi òróró ìdáná pa rọ́bà rẹ̀, yóò wú. Òróró silicone ni.

Ẹ̀rọ omi méjì ló sábà wà níbẹ̀. Èyí tí ó sún mọ́ ihò ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ kásẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì ti ki ẹnu rẹ̀ bọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Omi mímu wá láti ibi tí a kọ *eau potable* sí nìkan. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi oògùn nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì lo ọ̀pá rọ́bà tiyín tí a ṣe fún omi mímu. Omi ìdọ̀tí ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ̀ lé e, omi mímu ló kẹ́yìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́.

Ọjọ́ 5: Erquy sí Perros-Guirec, nǹkan bíi kìlómítà 105

Ọjọ́ tí ó gùn ni èyí. Ọ̀nà N12 láti Saint-Brieuc lọ sí Guingamp dára, a kì í sanwó ọ̀nà ní Bretagne. Fún ọkọ̀ tí kò ju kílò 3,500 lọ, eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 110 ní wákàtí kan, 100 bí òjò bá ń rọ̀. Lójú ọ̀nà abúlé, 80. Láàárín ìlú, 50. Motorhome fúnra rẹ̀ dùn wà ní 90, epo rẹ̀ á sì dínkù.

Kí ẹ tó gbéra, ẹnì kan á rìn yí ọkọ̀ ká láìsọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni: wáyà iná ti kúrò, àtẹ̀gùn ti wọlé, fèrèsé òrùlé ti wà ní títì, gáàsì ti pa, ìlẹ̀kùn fíríìjì ti kọ́, igi ìgbétáyà kò sí nílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Fèrèsé òrùlé tí ó ṣí ló ń ya jù, lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀.

Bí ẹ bá ń yà sí ọ̀tún lójú ọ̀nà há, ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó yọ kọjá táyà á fò sí òsì. Bí ó bá yọ mítà 2, ẹ fi àyè tó ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀ lápá òsì, kí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn má gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ 6: Ploumanac'h, ẹsẹ̀

Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ sí ọgbà ìpàgọ́. Láti etí òkun Trestraou, ọ̀nà àwọn aṣọ́bodè àtijọ́, tí ó jẹ́ ara ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ GR34, gba orí òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú lọ sí ilé iná Mean Ruz. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún àlọ àti àbọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọ̀ òkúta náà máa ń tàn jù. Ọkọ̀ ojú omi láti Trestraou ń lọ yí Sept-Îles ká, erékùṣù ẹyẹ tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti 1912.

Ọjọ́ 7: Roscoff, nǹkan bíi kìlómítà 80

Ẹ gba Morlaix. Roscoff ni ìlú àlùbọ́sà pupa tí àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ tà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ó dùn fún ọbẹ̀, kò sì ta lójú púpọ̀. Ọkọ̀ kékeré ń lọ sí Île de Batz ní bíi ìṣẹ́jú 15.

Ẹ tú omi ìdọ̀tí àti kásẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ yìí, ẹ má fi dúró de àárọ̀. Ìwọ̀n ọkọ̀ á fúyẹ́, òórùn kò sì ní ká yín mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ 8: Roscoff sí Plymouth

Láti 12 April 2025, UK náà ti fòfin de kí èrò kó ẹran àti wàrà màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ wọlé láti EU, nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ẹran ọ̀sìn. Wàràkàṣì àti sọ́séèjì tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ ẹ́ tán ní Roscoff.

Plymouth sí London gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún nínú motorhome, ọwọ́ òsì ló sì tún kàn. Ẹni tí ó bá dé lálẹ́ kó sùn sí Devon.

Nílé, ẹ tú gbogbo omi inú táǹkì àti inú ìgbómigbóná, kí ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Omi tí ó bá jókòó sínú páìpù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ń bàjẹ́, òtútù December sì ń fọ́ ìgbómigbóná. Ẹ nu fíríìjì, kí ẹ fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Bátìrì inú ilé, bí ó bá jẹ́ olójé, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Èyí tí a kọ 100 Ah sí, 50 péré ni kí ẹ lò nínú rẹ̀. Ẹ gba iná sí i kún kí ẹ tó pa ọkọ̀ tì.